Brighton: Àlejò Etí Òkun àti Arúgbó Inú Ilé

Àwọn ará ilé tí mo bá sọ fún pé Brighton, ìlú etí òkun kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń gbé máa ń rò pé ayé ìgbafẹ́ ni mo wà. Wọ́n ti rí àwòrán ibẹ̀: òkun tó tẹ́ lọ rẹrẹ, afárá gígùn tí wọ́n ń pè ní Palace Pier tó ti wọnú omi lọ láti ọdún 1899, ààfin Royal Pavilion tí wọ́n kọ́ òrùlé rẹ̀ ní àrà àwọn ará Íńdíà, àti ogunlọ́gọ̀ èèyàn tí wọ́n na ara sílẹ̀ sínú oòrùn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí àwòrán kò fi hàn ni pé òkúta wẹẹrẹ ló kún etí òkun wa, kì í ṣe iyanrìn, pé àwọn ẹyẹ òkun ibẹ̀ kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, wọn a já ọ̀dùnkún díndín gbà lọ́wọ́ àlejò tí kò bá fura, àti pé ìlú tí ètò ìkànìyàn ọdún 2021 ka olùgbé bíi 277,000 sínú òun àti Hove tó so mọ́ ọn ni àlejò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ń wọ́ wá lọ́dọọdún.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mò ń ṣe níbí, èyí tí àwa ọmọ Nàìjíríà ní Ìlú Ọba kàn ń pè ní care. Ojúlé dé ojúlé ni mo máa ń lọ, bọ́ọ̀sì ni mo sì máa ń wọ̀. Nítorí náà, ohun tí àlejò ń fi ojú afẹ́ wò, ojú iṣẹ́ ni èmi fi ń wò ó. Bí oòrùn bá yọ ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ, mo ti mọ̀ kí n tó jáde nílé pé iṣẹ́ ọjọ́ náà yóò le. Ìrìn ọkọ̀ ojú irin láti Lọ́ńdọ̀nù kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ, èyí tó bá sì ti dé ni yóò máa da èèyàn sílẹ̀: àwọn ọ̀dọ́ tó gbé páálí ọtí lé èjìká, àwọn òbí tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó tó wá ṣe àríyá ṣáájú ìgbéyàwó, tí wọ́n wọ aṣọ kan náà tí wọ́n sì dé adé oníke. Ojú ọ̀nà etí òkun á kún fọ́fọ́, bọ́ọ̀sì á dúró sójú kan, oògùn àárọ̀ màmá tó ń retí mi ní òkè ilé kan ní àdúgbò Kemptown á sì pẹ́.

Màmá náà ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, àtọ̀gbẹ sì ń bá a fínra. Àwọn ará ibí máa ń fi orúkọ pe ẹni tí wọ́n ń tọ́jú, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n máa pe òun ní Màmá, ó gbà, ó sì dùn mọ́ ọn débi pé ó ń fi yangàn fún aládùúgbò rẹ̀. Àga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òkun. Bí orin àwọn tó ń gbafẹ́ bá ṣe ń dún bọ̀ láti ìsàlẹ̀, èmi a kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo máa ń fi aṣọ ìnura tí mo rẹ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, mo sì máa ń la àárín ọmọ ìka rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá egbò ti ń yọ níbẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ kì í pẹ́ bàjẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì lè má mọ̀ ọ́n lára. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀ nínú ètò iṣẹ́: kí n gbé e dìde, kí n wẹ̀ ẹ́, kí n wọ aṣọ fún un, kí n fún un ní tíì àti búrẹ́dì yíyan, kí n rí i pé ó gbé oògùn rẹ̀ mì, kí n sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù. Ẹni tó bá ti wẹ ìyá tó bí i lọ́mọ rí mọ̀ pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò tó nǹkan.

Ta ló ń san owó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn? Ọ̀pọ̀ ará ilé gbà pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ní Ìlú Ọba, wọ́n sì jàre dé àyè kan. NHS, ètò ìlera ìjọba tí Aneurin Bevan, mínísítà ìlera, àti ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú Labour dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, kì í béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó ṣubú kí wọ́n tó gbé e dìde. Oògùn kọ̀ọ̀kan tí dókítà bá kọ fúnni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ £9.90 ní ọdún 2025, ẹni tó bá sì ti pé ọgọ́ta ọdún kì í san án rárá. Ṣùgbọ́n wíwẹ arúgbó, fífún un lóúnjẹ àti títẹ́ ẹ sórí ibùsùn lálẹ́ kì í ṣe ti NHS ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Káńsù ìlú ló ni ín, káńsù a sì kọ́kọ́ yẹ àpò arúgbó wò. Ẹni tí owó ìpamọ́ rẹ̀ bá ju £23,250 lọ ni yóò fúnra rẹ̀ san gbogbo owó ìtọ́jú rẹ̀. Láti ọdún 2010 ni iye yìí kò ti yí padà, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé, owó iná àti owó búrẹ́dì kò dúró dè é. Ìjọba kan ṣèlérí pé láyé ẹnikẹ́ni kò ní san ju £86,000 lọ fún irú ìtọ́jú yìí. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, nígbà tó sì di oṣù Keje ọdún 2024 ìjọba mìíràn tó gorí àlééfà fagi lé e pátápátá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 wọ́n kéde ìgbìmọ̀ tuntun lórí ìtọ́jú yìí lábẹ́ Louise Casey, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, tí wọ́n ní àbọ̀ rẹ̀ ìkẹyìn yóò jáde ní ọdún 2028. Orí rédíò ni Màmá ti gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bá òun kà á nígbà tó bá dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ arúgbó inú ilé ti kan àlejò etí òkun kò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn, mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ó. Bàbá kan ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ara rẹ̀ sì yá dé ibi tí dókítà fi fọwọ́ sí ìwé pé kó máa lọ sílé. Kò lè lọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò máa wá wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ kí ó sì máa wá gbé e sùn lálẹ́. Káńsù ṣì ń wá ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ tó lè rán sí i. Nítorí pé ó ṣì wà lórí ibùsùn wọ́ọ̀dù, ẹni tí wọ́n ti yẹ̀ wò tán ní yàrá pàjáwìrì kò rí ibi tí wọn yóò gbé e sí. Nítorí pé ẹni yẹn kò kúrò ní yàrá pàjáwìrì, áńbúláǹsì tó gbé ẹlòmíràn dé dúró ní ìta pẹ̀lú aláìsàn nínú rẹ̀. Nítorí pé áńbúláǹsì ń dúró ní ìta ilé ìwòsàn, ọmọkùnrin tó re bọ́ láti orí ògiri etí òkun, tí ọtí ń pa, yóò pẹ́ lórí òkúta wẹẹrẹ kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Lord Darzi, oníṣẹ́ abẹ tí ìjọba yàn, yẹ NHS ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò tó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ó sọ pé ibùsùn 13 nínú 100 ni àwọn tó yẹ kó ti lọ sílé tàbí sí ibòmíràn ń lò. Àfojúsùn tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún yàrá pàjáwìrì ni pé kí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ ẹni 95 nínú 100 láàárín wákàtí 4. Oṣù Keje ọdún 2015 ni wọ́n bá a mu kẹ́yìn.

Mo ti bá àgbàlagbà kan jókòó rí ní yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn kan ní etí òkun gúúsù yìí, ní alẹ́ Sátidé nígbà oòrùn. Ìyá náà wà lórí ibùsùn onítáyà ní ọ̀nà àárín ilé, nítorí kò sí yàrá. Ohun tó kọ́kọ́ gba àfiyèsí mi ni nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ògiri lókè orí aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sí ọ̀nà nítorí pé ilé kún ní òní, a lè gbà pé ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti fún ọ̀nà ní nọ́ńbà, ọ̀nà ti di wọ́ọ̀dù nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì ní kà á sí àṣìṣe mọ́. Ní iwájú wa ni ìyàwó ọ̀la kan jókòó sí pẹ̀lú ìbòrí funfun, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì yí i ká tí wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n sunkún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó lọ wẹ̀ nínú òkun lẹ́yìn tó ti mutí wà nínú aṣọ tí wọ́n fi ń mú ara gbóná, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ẹnì kan ń bì sínú abọ́ páálí. Kò sí èyí tó wá ṣeré nínú wọn, ìrora wọn kì í ṣe irọ́, n kò sì lè bínú sí ọmọ ọlọ́mọ pé ó wá gbafẹ́ ní ìlú tó ń fi owó kéde pé kí ó wá. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn tẹ́tí sí bí mo ṣe ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó dúró, ó ní, “Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá sùn kí n tó padà dé.” Ó ti lọ kí n tó dáhùn.

Bí a bá ń pín owó ìlera ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, wọ́n á wá ṣe àtúnṣe sí i nítorí ọjọ́ orí, ìṣẹ́ àti bí nǹkan ṣe wọ́n tó ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti Croydon ní Lọ́ńdọ̀nù wá lówùúrọ̀ tó sì fẹ́ padà lálẹ́ kò sí nínú ìwé ti Brighton. N kò sọ pé wọn kì í san ohunkóhun lórí rẹ̀ o. Àwọn àgbègbè NHS ní bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣírò owó irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó lè ti inú ìwé kan bọ́ sínú ìwé mìíràn lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nọ́ọ̀sì kò lè ti inú ìwé jáde ní aago méjì òru Sátidé. Iye òṣìṣẹ́ àti iye ibùsùn tó wà nílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ìlú yóò lò, bóyá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ló wà nínú rẹ̀ tàbí ìlọ́po bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta ọtí àti yìnyín dídùn mọ bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́ oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, wọn a sì dá wọn dúró ní oṣù Kẹsàn-án. Dókítà kò ṣe é gbà síṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ìlera gan-an ló sọ ìlú yìí di ìlú àlejò. Abúlé apẹja ni Brighton kí dókítà kan ní Lewes, ìlú kan nítòsí, Richard Russell, tó tẹ ìwé kan jáde ní èdè Látìn ní ọdún 1750 láti fi yé àwọn èèyàn pé omi òkun, ní mímu àti ní wíwẹ̀, ń wo àrùn sàn. Ó kọ́ ilé sí ibi tí wọ́n ń pè ní Old Steine ní ọdún 1753, àwọn olówó sì ń wá bá a láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn tó bá mọ àwọn ìjọ aláṣọ funfun tó máa ń wẹ èèyàn létí òkun ní Èkó kò ní rẹ́rìn-ín jù sí i. Ọmọ ọba tó padà di George IV kọ́kọ́ dé ní ọdún 1783, òun ló sì kọ́ ààfin yẹn. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Patna, ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ọdún 1759, Sake Dean Mahomed, ṣí ilé ìwẹ̀ olóoru sí etí òkun, tó ń fi òróró àti ọwọ́ wọ́ ara àwọn tí oríkèé ń dùn, títí tí òkìkí rẹ̀ fi dé ààfin tí wọ́n sì fi í ṣe awọ́ra ọba. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, láti ọdún 1914 dé 1916, ààfin yẹn kan náà ni wọ́n sọ di ilé ìwòsàn fún àwọn sójà Íńdíà tó fara gbọgbẹ́. Ara ń dùn mí, mo wá sí etí òkun: bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá sì ń gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé àwọn àjèjì ti pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ní ìlú yìí, Dean Mahomed ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ó ti lé ní igba ọdún tí àjèjì ti ń wọ́ ẹsẹ̀ àwọn ará Brighton.

Ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà, Royal Sussex County Hospital, ṣí ilẹ̀kùn ní ọdún 1828 pẹ̀lú owó àwọn onínúure, nígbà tí kò tíì sí NHS. Nǹkan bíi £500 mílíọ̀nù ni wọ́n ná sórí ilé tuntun tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní ọdún 2023, tí wọ́n sọ ní orúkọ Louisa Martindale, obìnrin oníṣẹ́ abẹ tó ṣiṣẹ́ ní ìlú náà. Ilé tó dára ni. Ṣùgbọ́n àpótí ọ̀tọ̀ ni owó ilé kíkọ́, ọ̀tọ̀ ni ti owó oṣù, a sì rí i káàkiri ilẹ̀ yìí pé ó máa ń rọrùn fún àwọn òṣèlú láti gé rìbọ́n ju kí wọ́n san owó oṣù nọ́ọ̀sì tí yóò wà nínú ilé náà lálẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ Royal College of Nursing ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì daṣẹ́ sílẹ̀, ohun tí wọn kò tíì ṣe rí láti ìgbà tí ẹgbẹ́ náà ti wà.

Ọ̀rọ̀ àpò káńsù ló dùn mí jù, nítorí inú rẹ̀ ni owó iṣẹ́ mi ti ń jáde. Láti ọdún 2010 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń dín owó tó ń fún àwọn káńsù kù. Ní ọdún 2016 wọ́n wá gbà wọ́n láàyè láti máa bu díẹ̀ lé owó orí ilé nítorí ìtọ́jú àgbàlagbà nìkan, ìyẹn ni pé kí ará ìlú fúnra wọn di ihò náà. Inú àpò yìí kan náà ni gbèsè i360 wà. Ilé ìṣọ́ gogoro ni i360, ó ga ní mítà 162, yàrá gíláàsì kan sì ń gun ún lọ ń gun ún bọ̀ kí àlejò lè wo òkun láti òkè. Ọdún 2016 ni wọ́n ṣí i, létí ibi tí afárá West Pier àtijọ́ jóná sí ní ọdún 2003. Káńsù ló yá owó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ tó sì yá ilé iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ìrètí pé àlejò yóò wọ́ wá, pé èrè yóò wà níbẹ̀ fún ìlú. Àlejò kò tó bí wọ́n ṣe rò ó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ilé iṣẹ́ náà wó lulẹ̀ lábẹ́ gbèsè, káńsù sì pàdánù owó tó lé ní £50 mílíọ̀nù. Ẹlòmíràn ti ra ilé ìṣọ́ náà, ó sì tún ń gun òkè. Ṣùgbọ́n káńsù ṣì gbọ́dọ̀ máa san ohun tó yá. Nígbà tí mo bá ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, iye ẹsẹ̀ tó yẹ kí a ti nù ni mo máa ń rí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bí àwọn onímọ̀ ìṣúná ṣe ń ṣírò nìyẹn.

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ náà ńkọ́? Nígbà tí òṣìṣẹ́ wọ́n lẹ́yìn àrùn Kòrónà, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn físà fún wa, a sì wọlé, ọ̀pọ̀ wa ta mọ́tò àti ilẹ̀ kí a tó dé. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni wọ́n ti fòfin dè é pé ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ care kò gbọ́dọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025 wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa fún àwọn tó bá ṣì wà lókè òkun. Arúgbó kò ti ilẹ̀kùn dídàgbà pa. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbà wá sí iṣẹ́ náà ń sunkún: ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 owó National Insurance tí agbanisíṣẹ́ ń san lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gòkè láti 13.8 sí 15 nínú 100, wọ́n sì fà á sísàlẹ̀ kí ó máa bẹ̀rẹ̀ láti £5,000 dípò £9,100. Ìjọba san àfikún náà padà fún NHS. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń rán èmi lọ sọ́dọ̀ Màmá kò rí irú rẹ̀ gbà. Nígbà náà ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í di ogún fún àwọn kan nínú ètò iṣẹ́ wa.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kàwé ní yunifásítì níbí ń san £776 fún ọdún kọ̀ọ̀kan sí àpò NHS kí wọ́n tó rí físà gbà, àgbàlagbà tó bá físà iṣẹ́ mìíràn wọlé ń san £1,035. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n ti fi í sí i. Àwa tí a wà lórí físà ìlera kì í san án, ṣùgbọ́n ẹni tó ń san án tún ń san owó orí lórí iṣẹ́ rẹ̀ bí gbogbo èèyàn. Ó yẹ kí àwọn tó ń sọ pé àjèjì ń jẹ NHS lọ́fẹ̀ẹ́ ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé gbígbé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Yàrá kan ní etí òkun lè mú owó wá fún onílé ní òpin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ju ohun tí ayálégbé lè san ní oṣù kan lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé tí nọ́ọ̀sì tàbí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìbá yá ni wọ́n ti sọ di ilé àlejò. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ti kó lọ sí Newhaven, òmíràn ti dé Eastbourne; àwọn tó ń tọ́jú àwọn ará ìlú kò lè gbé inú ìlú mọ́. Bí ọ̀nà etí òkun bá sì dí ní ọjọ́ Sátidé, àwọn gan-an ló wà nínú bọ́ọ̀sì tí kò lọ tí kò bọ̀.

Mo mọ ohun tí ará ilé kan tó bá ń ka èyí ní Òṣogbo tàbí ní Bàdágìrì yóò sọ: ìṣòro aláwọ̀ funfun ni, ẹni tí a ń gbé dìde lọ́fẹ̀ẹ́ ń ráhùn nítorí pé wọ́n pẹ́. Mi ò jiyàn. Àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Àbújá ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, wọ́n ṣèlérí láti máa ya 15 nínú 100 ìṣúná wọn sọ́tọ̀ fún ìlera, Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò sì tíì dé ibẹ̀ títí di òní. Nọ́ọ̀sì tó kí mi ní ọ̀nà àárín ilé yẹn, owó Nàìjíríà ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n kíkọ́ ẹ̀kọ́ lára ibi tí ètò tó dára ti ń fọ́ kò burú fún ẹni tó ń gbèrò láti kọ́ tirẹ̀, pàápàá ní àwọn ìlú etí òkun wa tí gbogbo gómìnà ń fẹ́ sọ di ibi ìgbafẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ni owó orí àlejò. Manchester ti ń gba £1 lórí yàrá kọ̀ọ̀kan lálẹ́ kọ̀ọ̀kan láti oṣù Kẹrin ọdún 2023, nípa àdéhùn láàárín àwọn onílé ìtura fúnra wọn. Edinburgh ti fọwọ́ sí 5 nínú 100 owó yàrá, tí wọ́n dá oṣù Keje ọdún 2026 fún láti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ìjọba kéde pé òun yóò fún àwọn olórí àgbègbè tí a dìbò yàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní agbára láti máa gba irú owó bẹ́ẹ̀. Àwọn onílé ìtura ń kùn pé àwọn ti ń san VAT 20 nínú 100 tẹ́lẹ̀, wọn kò purọ́. Èmi fọwọ́ sí owó náà síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ibi méjì tó lè ti jò. Èkíní, ọ̀pọ̀ jù nínú àlejò Brighton kì í sùn; wọ́n ń wá láàárọ̀, wọ́n ń lọ lálẹ́, owó yàrá kò sì lè kàn wọ́n láé. Ìyẹn ni pé ẹni tó mú ìyàwó rẹ̀ wá sun ilé ìtura jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni yóò san, ọmọkùnrin orí ògiri etí òkun kò ní san. Bí wọn yóò bá tún gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn ilé ọtí etí òkun, àti lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe àríyá ńlá bíi ti Pride, àjọ̀dún àwọn LGBT tó máa ń wáyé ní oṣù Kẹjọ, ó máa sàn díẹ̀.

Èkejì ni ibi tí owó náà yóò wọ̀. Mo ti ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n fi polongo ìlú kí àlejò lè pọ̀ sí i, kí wọ́n fi kun afárá ní ọ̀dà, kí wọ́n fi ṣe iná aláràbarà sí etí òkun. Ìlú tí i360 ti ná ní £50 mílíọ̀nù kò tún nílò ìpolongo. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ sínú òfin rẹ̀ kí wọ́n tó gba pọ́ùn kan ni pé apá kan pàtó nínú owó náà kò gbọ́dọ̀ yẹsẹ̀ kúrò lórí ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn, pàápàá ní oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, kí wọ́n lè máa mú bàbá tó ti yá kúrò ní wọ́ọ̀dù ní ọjọ́ Jímọ̀ kí ọjọ́ Sátidé tó dé. Owó ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé kéré púpọ̀ sí owó ibùsùn ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ kan, káńsù mọ̀ bẹ́ẹ̀, NHS mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á tí wọn kò fi ṣe é ni pé àpò ẹnì kan ni yóò san án, àpò ẹlòmíràn ni yóò jèrè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pe ará ìlú láti wá sọ èrò wọn lórí òfin náà, màá lọ bí iṣẹ́ bá yọ̀ǹda, Màmá náà sì ti ní kí n bá òun gbé lẹ́tà tòun lọ.